Ìṣòfò yàtọ̀ sí ìfiṣòfò

Bí máńgòrò bá pọ́n tán ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu àti ọjà kì í gbà á tán. Èyí tó já sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ń rà, èṣinṣin ń bò ó. Síbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu ọmọ ìlú pé àwọn ń fi máńgòrò ṣòfò. Ohun tí wọn yóò wí ni pé máńgòrò ń ṣòfò. "Fi" kékeré yẹn ló ń tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi.

Àwa tí à ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí Yorùbá kì í sábà fetí sí i. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, pín òfò oúnjẹ sí méjì: èyí tó bàjẹ́ lẹ́yìn ìkórè kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹtàjà, àti èyí tí òǹtàjà, ilé oúnjẹ tàbí ìdílé dà nù. Lọ́dún 2019, wọ́n ṣírò ti àkọ́kọ́ sí nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ àgbáyé. Ní ti èkejì, UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ní ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tó dé ọjà àti ilé ni wọ́n dà nù ní 2022. "Ìfiṣòfò oúnjẹ" ni à ń pe méjèèjì. Àgbẹ̀ tí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ lọ́nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì wá di ẹni à ń bá wí, òun àti ẹni tó da ìrẹsì nù níbi ìnáwó. Nígbà tí ọjà Akẹ̀sán jóná ní Ọ̀yọ́ lóṣù kìn-ín-ní 2020, ta ló jẹ́ sọ pé àwọn ọlọ́jà fi nǹkan ṣòfò? Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní ìṣòfò oúnjẹ, ká fi ìfiṣòfò sílẹ̀ fún èkejì.

"Pàǹtírí oúnjẹ" tún wà, èyí tó ń bí mi nínú. Iṣu tí ọkọ́ dá lọ́gbẹ́ lóko kì í pẹ́ rà. Àwọn obìnrin a bẹ ẹ́, wọn a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, iṣu náà a sùn sínú omi náà mọ́jú, wọn a wá sá a sóòrùn títí yóò fi le. Ó di gbodo nìyẹn. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́. Ilá tó pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ ń di orúnla. Èèpo iṣu ń lọ sẹ́nu ewúrẹ́, èèrí ọ̀gì náà ń bá a lọ, owó sì ni wọ́n fi ń ra èèrí. FAO pàápàá kì í ka ohun tí ẹran ọ̀sìn jẹ mọ́ òfò. Kí ló wá di pàǹtírí níbẹ̀?

Èyí tó le jù láti túmọ̀ ni ètò oúnjẹ tí kò ní run ilẹ̀ tí kò sì ní fi àwọn ọmọ wa sínú ebi. "Ìdúróṣinṣin" tí àwọn kan ń lò, ìwà ọmọlúàbí ló ń mú wá sọ́kàn. Mo fẹ́ràn "tọ́jọ́" tí àwọn elélùbọ́ ń lò, àmọ́ èlùbọ́ lè tọ́jọ́ kí ilẹ̀ tó mú iṣu rẹ̀ jáde ti ṣá. "Ètò" gan-an ní wàhálà tirẹ̀: ẹ kéde ètò oúnjẹ lọ́jà Ọ̀yọ́, wọn yóò bi yín níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì.

Nítorí náà, "oko tí kì í ṣá, oúnjẹ tó ń tọ́jọ́" ni mo ń kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH lè ní ó gùn jù fún àkọlé, ó sì jàre. Àgbẹ̀ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní ní kí n túmọ̀ rẹ̀.