Hẹdimásítà, Olóyè àti Àwọn Ará Ọjà: Eré Apanilẹ́rìn-ín Lórí Tẹlifíṣàn

Àgbádárìgì ni àwọn míṣọ́nnárì Wesley ti dá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1843. Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń tàn kálẹ̀ ni irú èèyàn tuntun kan ń wọ abúlé: tísà. Kì í ṣe ọmọ oyè, síbẹ̀ òun ni ọba ń ké sí bí lẹ́tà ìjọba bá dé.

Irú èèyàn yìí ni Ṣẹ́gun Olúṣọlá fi ṣe òpó The Village Headmaster, eré orí rédíò tó bọ́ sórí tẹlifíṣàn l'Ékòó ní 1968, tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1988. Ọjà ni orúkọ abúlé náà. Ted Mukoro, Femi Robinson àti Justus Esiri ló ṣe hẹdimásítà tẹ̀lé ara wọn. Dejumo Lewis ni Kábíyèsí. Fúnṣọ́ Adéolú tó ṣe Olóyè Ẹlẹ́yinmi padà gorí ìtẹ́ ní ti gidi, ó di Aláyè Òde-Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ ta ló lágbára, ẹni tó kàwé tàbí ẹni tó joyè, ni eré náà ń tú wò lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ná. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ní Ọjà, Tísà Gàrúbà àti Bassey Okon ń gbé láàárín àwọn Yorùbá, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bá ara wọn jà lé lórí. Tẹlifíṣàn ìjọba ni, kò yà mí lẹ́nu pé irú abúlé bẹ́ẹ̀ wù wọ́n. Ṣùgbọ́n òye wà nínú ẹ̀ gan-an: kò sẹ́ni tó dìde wàásù ìṣọ̀kan.

The New Masquerade tó wá láti ìhà ìlà-oòrùn kò rọra ṣe tirẹ̀. Òyìnbó tó ń dà rú lẹ́nu Zebrudaya (Chika Okpala) àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Gringory àti Clarus, ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókóyà, Yorùbá aláriwo inú eré náà, Claude Eke tó jẹ́ Ìgbò ló ṣe é. Àwa tí wọ́n ń sín jẹ gan-an la rẹ́rìn-ín jù. Ní 1985, Ken Saro-Wiwa gbé Basi and Company dé: òtòṣì Èkó tó fẹ́ di mílíọ́nìa láìṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara, ìyẹn di Amẹ́ríkà. All in the Family ti Norman Lear ti ń fà á látọdún 1971. Ó tó 2019 kí CBS tó gbé Bob Hearts Abishola jáde, tí Gina Yashere wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Fọlákẹ́ Olówófóyèkú ni Abíṣọ́lá, nọ́ọ̀sì ní Detroit. Bob, òyìnbó tó ń ta ìbọ̀sẹ̀, dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Wọ́n ń sọ Yorùbá nínú rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Bob kò le tó ti Délé, ọmọ Abíṣọ́lá: ijó ló wu ọmọ, ìyá sì ti fi í ṣe dókítà lọ́kàn ara rẹ̀ tipẹ́.