Ìrírí Bèbè Ikú

Ìrírí bèbè ikú ni ohun tí àwọn kan máa ń ní àwọn rí nígbà tí ikú sún mọ́ wọn gan-an, irú bí ìgbà tí ọkàn wọn dáwọ́ lílù dúró kí dókítà tó dá ẹ̀mí wọn padà: àlàáfíà tí ẹnu ò lè ròyìn tán, ìmọ́lẹ̀, ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó ti kú, tàbí kí èèyàn máa wo ara rẹ̀ nílẹ̀ láti òkè. Albert Heim, onímọ̀ nípa àpáta ní Switzerland, ti kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó já bọ́ lórí òkè sílẹ̀ lọ́dún 1892, ṣùgbọ́n ìwé tí Raymond Moody ará Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1975 ló tan ọ̀rọ̀ náà káyé. Bruce Greyson ṣe òṣùwọ̀n oníbéèrè 16 fún un lọ́dún 1983.

Ohun tí ẹni náà rí, òun nìkan ló rí i. Ìgbé ayé rẹ̀ lẹ́yìn náà ńkọ́? Tilé-toko ló ń rí ìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ìyípadà, kì í ṣe ti ìmọ́lẹ̀. Pim van Lommel, dókítà ọkàn ní Netherlands, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú The Lancet ní oṣù Kejìlá ọdún 2001. Wọn ò jókòó de ẹni tó bá fẹ́ ròyìn. Aláìsàn 344 tí ọkàn wọn ti dúró rí ni wọ́n tọ̀ lọ ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá, láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n sọjí. Èèyàn 62 péré ló rántí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n padà lọ bá 37 nínú àwọn wọ̀nyí àti 37 tí kò rí nǹkan kan. Nígbà tó pé ọdún mẹ́jọ, ó ku 23 àti 15. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí nǹkan ò bẹ̀rù ikú mọ́, wọ́n gbà gbọ́ gidigidi pé ayé mìíràn wà, àánú ẹlòmíràn sì ń ṣe wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe adùn nìkan o: ọkàn wọn tún tètè ń gbọgbẹ́, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìyípadà náà tó jókòó.

Àwọn kan á ní ẹni tí ikú yẹ̀ lórí rẹ̀, dandan ni kó yí padà. Òótọ́ ni, àwọn tí kò rí nǹkan kan náà yí padà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ò gbà pé ìyè wà lẹ́yìn ikú. Àtakò tó wúwo jù ni pé 23 àti 15 kéré, àti pé ẹnu àwọn èèyàn náà fúnra wọn la gbára lé. Èyí ò ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwádìí náà fi ibi tí ìyípadà dorí kọ hàn, kò lè wọn bó ṣe pọ̀ tó. Ní ti pé àìrí afẹ́fẹ́ tó nínú ọpọlọ ló fà á, van Lommel fèsì pé gbogbo wọn ni afẹ́fẹ́ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni iye ìṣẹ́jú tí ọkàn fi dúró àti oògùn tí wọ́n lò kò ya ẹni tó rí nǹkan sọ́tọ̀. Èsì yìí mú àlàyé kan rẹ̀wẹ̀sì. Kò sọ pé ẹ̀mí jáde kúrò lára.

Ibi tí awuyewuye ti pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ eyín àtọwọ́dá tó wà nínú ìròyìn kan náà. Nọ́ọ̀sì kan ní òun yọ eyín lẹ́nu ọkùnrin ẹni ọdún 44 kan tó ti dákú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bí ọkùnrin náà ti rí nọ́ọ̀sì yìí, ó ní ẹni tó mọ ibi tí eyín òun wà nìyẹn, ó sì júwe dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ oògùn tí nọ́ọ̀sì náà kó eyín ọ̀hún sí. Ẹnu nọ́ọ̀sì náà nìkan la ti gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí etí ọkùnrin náà ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Láti yẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí wò, dókítà Sam Parnia dẹ àwòrán sórí pẹpẹ gíga ní àwọn ilé ìwòsàn, kí ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ láti òkè lè rí i. Nínú èsì ọdún 2014, kò sẹ́ni tó ròyìn àwòrán kankan, àmọ́ yàrá tí kò ní pẹpẹ ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn ti dúró.

Ìyípadà náà kì í sì í sọ gbogbo èèyàn di onígbàgbọ́. A. J. Ayer, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Britain tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, rí ìmọ́lẹ̀ pupa kan nígbà tí ọkàn rẹ̀ dúró lọ́dún 1988. Ó kọ̀wé pé èyí dín ìdánilójú òun pé ikú ni òpin kù díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ní ìgbàgbọ́ òun ò yẹ̀, líle tí òun ń le koko mọ́ ọn ló dín kù. Aláìgbọlọ́rungbọ́ ló jẹ́ títí ó fi kú lọ́dún 1989.