Òróró tí wọ́n fi ń wo ẹ̀tẹ̀ nígbà kan

Admin yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè gbọ́ ohùn mi àná, ọ̀rọ̀ náà rèé.

Ẹ mọ̀ pé òróró ni mò ń tà ní Ugbowo níbí: àdín, òróró dóńgóyárò, òrí náà wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kí n fún òun ní òróró tí yóò pa àmì kan tó wà lápá ọmọ náà. Àmì yẹn ṣì, kì í yún un. Mo fi òwú kàn án, ọmọ ní òun ò mọ̀ ọ́n lára. Àyà mi já. Mi ò ta nǹkan kan fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Igi kan wà ní apá Íńdíà, chaulmoogra lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi òróró hóró rẹ̀ wo ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀. Òróró yẹn lágbára lóòótọ́, àmọ́ wàhálà rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá gbé e mì á bì í. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, ó ki jù, ara á kàn wú síbẹ̀ ni.

Ní 1904, Frederick Power yọ ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1915, ní Hawaii, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Alice Ball, mú àwọn ásíìdì òróró náà, ó pò wọ́n pọ̀ mọ́ ọtí líle lọ́nà tí wọ́n fi di nǹkan tó ṣe é gún lábẹ́rẹ́, tí ara sì ń gbà. Kò tíì kọ ọ́ jáde tó fi kú ní 1916, ọmọ ọdún 24 péré. Ọ̀gá rẹ̀, Arthur Dean, ń bá iṣẹ́ náà lọ, wọ́n sì ń fi orúkọ Dean pè é. Ọdún 1922 ni Dókítà Hollmann, tó bẹ Alice níṣẹ́ náà, tó kọ ọ́ síwèé pé ọmọbìnrin yẹn ló ṣe é. Fásitì wọn ò fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ igi chaulmoogra tó wà lọ́gbà wọn àfi ní 2000.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní Uzuakoli, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ní 1932, òróró ìbátan igi yẹn ni wọ́n fi ń gún wọn. Ẹ̀yin ará Bẹ́nì, ẹ mọ Ossiomo. Ibùdó wọn ni òun náà. Nígbà tí 1950 ń kù sí dẹ̀dẹ̀, John Lowe dán oògùn oníhóró tó ń jẹ́ dapsone wò ní Uzuakoli kan náà. Ó ṣiṣẹ́ ju òróró lọ, bí wọ́n ṣe pa òróró tì nìyẹn.

Lónìí, oògùn àpapọ̀ oṣù 6 tàbí 12 ló ń wo ẹ̀tẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ ò ní ké. Ẹni tó bá ń fi òróró pa á, ọjọ́ ń lọ.

Mo ní kí ìyá yẹn gba ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ń retí èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara àwọn ọmọ yín. Àmì tí kò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ má gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi o.