Ọmọbìnrin àti Ilẹ̀ Bàbá Rẹ̀

Ní Yoko, ilẹ̀ ni ọrọ̀ wa. Inú ilẹ̀ ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti ń wá. Orí ilẹ̀ ni ọ̀pẹ dúró sí. Obìnrin ń ṣe epo, obìnrin ń yan gààrí, obìnrin ń ru ẹrù lọ sí ọjà Sakété àti ọjà Pobè. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá kú, tí ẹbí bá jókòó láti pín ogún, a sábà máa ń gbọ́ pé wọ́n sọ fún ọmọbìnrin pé: "Ìwọ ti lọ sílé ọkọ. O kò ní ìpín nínú ilẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí."

Òfin wo ni? Ta ló ṣe é? Ṣé ó ṣì wà? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òfin wà lẹ́nu àwọn àgbà

Kí àwọn Faransé tó gba ilẹ̀ wa, ẹnu àwọn àgbà ni òfin wà. Bí ọ̀ràn bá dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹni tó ni ọ̀ràn, kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ìdájọ́ ẹbí kan lè yàtọ̀ sí ti ẹbí kejì.

Ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá mọ̀ fún pípín ogún. Àkọ́kọ́ ni ìdí igi: a ó ka iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan á sì gba ìpín kan. Èkejì ni orí ò jorí: a ó ka iye ọmọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì gba tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà, wọ́n ń ka ọmọbìnrin mọ́ àwọn ọmọ tí yóò jogún. Bí ìyàwó kan bá bí ọmọ 4, tí ìyàwó kejì bí ọmọbìnrin 1 péré, ní ìdí igi, ọmọbìnrin yẹn nìkan ni yóò gba ìdajì ogún. Ní ibòmíràn, wọn kì í fún ọmọbìnrin ní ilẹ̀ rárá. Nítorí náà, àṣà wa kò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo rí.

Ìwé ọdún 1931

Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso Dahomey, wọ́n fẹ́ ìwé kan tí adájọ́ lè ṣí wò bí ọ̀ràn ìgbéyàwó tàbí ogún bá dé iwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí a kó àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ. Àwọn olóyè àti àwọn àgbà ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń bi léèrè. Ní ọdún 1931, ìwé náà jáde. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni "Coutumier du Dahomey", ìyẹn ìwé àṣà Dahomey.

Kí ni ìwé náà sọ nípa obìnrin? Ó ní obìnrin kò ní agbára kankan níwájú òfin. Ó tún kà á mọ́ ohun ìní ọkùnrin, ohun tí ẹbí lè jogún bí ọkọ bá kú. Ẹni tí a bá kà mọ́ ogún, báwo ni òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe jogún?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àṣà tó wà lẹ́nu lè yí padà bí ayé bá yí padà. Bí àgbà kan bá ṣàánú ọmọbìnrin, ó lè fún un ní oko. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ àṣà sínú ìwé, ó dúró sójú kan. Ohun tí àwọn ọkùnrin díẹ̀ sọ fún òyìnbó di òfin lórí gbogbo obìnrin.

Òmìnira dé, ìwé náà kò lọ

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Dahomey gba òmìnira. Àsíá Faransé sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ọdún 1931 kò bá a lọ. Fún ọdún tó lé ní 30 lẹ́yìn náà, àwọn adájọ́ wa ṣì ń ṣí i láti fi dá ẹjọ́ ẹbí àti ogún.

Ní oṣù kejì ọdún 1990, àpérò ńlá orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọ̀nù. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún kan náà, Bẹ̀nẹ̀ ní òfin ìpìlẹ̀ tuntun, ìyẹn òfin tó ju gbogbo òfin yòókù lọ. Ẹsẹ 26 rẹ̀ sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba níwájú òfin. Wọ́n tún dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ náà. Ọdún 1993 ni ilé ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ yòówù, ìbáà ṣe àgbẹ̀, ìbáà ṣe aláròóbọ̀, lè kọ ìwé ránṣẹ́ sí i fúnra rẹ̀ bí ó bá rí òfin tó lòdì sí òfin ìpìlẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, ilé ẹjọ́ yìí dá ẹjọ́ pàtàkì kan. Ó ní ìwé ọdún 1931 kì í ṣe òfin, adájọ́ kankan kò sì gbọ́dọ̀ fi í dá ẹjọ́ mọ́. Ọdún 65 ni ìwé náà ti lò lórí wa.

Òfin ẹbí tuntun

Ó wá ku kí a ní òfin mìíràn dípò rẹ̀. Àwọn obìnrin amòfin jà fún un gidigidi. Ní ọdún 2002, àwọn aṣòfin dìbò fún òfin tuntun lórí ènìyàn àti ẹbí. Ṣùgbọ́n òfin náà gba ọkùnrin láyè láti yan ìyàwó púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kò lè ní ju ọkọ kan lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ dá a padà, ó ní èyí kò dọ́gba. Àwọn aṣòfin tún un ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, Ààrẹ Mathieu Kérékou fọwọ́ sí i.

Kí ni òfin yìí sọ?

Ó ní àwọn ọmọ ni yóò jogún bàbá àti ìyá wọn, ọkùnrin àti obìnrin, ìpín wọn á sì dọ́gba.
Ó ní ọmọ ìyàwó àgbà àti ọmọ ìyàwó kékeré ò ju ara wọn lọ nínú ogún.
Ó ní kò sí ìgbéyàwó láìjẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin gbà á fúnra wọn. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè jogún opó.
Ó ní àṣà kò lágbára òfin mọ́ lórí àwọn ọ̀ràn tí ìwé òfin náà sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ọdún 2013, òfin ilẹ̀ tuntun jáde. Òun náà ní kí ìjọba rí i pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba nínú níní ilẹ̀.

Ẹ̀rù àwọn bàbá

Àwọn bàbá kan ń bẹ̀rù. Wọ́n ní bí ọmọbìnrin bá gba ilẹ̀, ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò gbé e lọ, ilẹ̀ ẹbí yóò sì bọ́. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí ilẹ̀ tó bọ́ ṣòro láti rí gbà padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé ọmọkùnrin kì í ta ilẹ̀ fún àlejò? Ohun tó ń pa ilẹ̀ ẹbí run ni títà tí kò ní ìmọ̀ràn nínú, ẹni yòówù kó tà á. Ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tàbí tí ilé ọkọ kò gbà á mọ́, níbo ni yóò gbin ẹ̀gẹ́ tí yóò fi bọ́ ọmọ rẹ̀? Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn wá sí Yoko. Àwa la ó lọ mú un wá. Ẹ gba ìwé ìbí fún ọmọ yín, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ ṣe ìgbéyàwó yín níwájú mẹ́rì, nítorí ìyàwó tí kò ní ìwé ìgbéyàwó kò lè gba ìpín opó. Bí ẹnìkan bá kú, ẹ gba ìwé ikú. Bí ẹbí bá pàdé lórí ogún, ẹ jẹ́ kí a kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú nílé, ilé ẹjọ́ wà ní Pobè.

Ní ọdún 1931, wọ́n kọ òfin nípa àwọn ìyá wa nínú èdè tí wọn kò gbọ́, nínú ìwé tí wọn kò lè kà. Lónìí, a ti ń kàwé. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún wa pé "Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí", ẹ jẹ́ kí a sọ fún un pé: "Ẹ mú ìwé òfin náà wá, kí a jọ kà á."