Ojú Irin Tí Ilẹ̀ Kì Í Tètè Jẹ



Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ́ bàbá àgbà mi wà níwájú mi. Ìmíni ni mo ti gbé e wá. Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ títí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ mọ́. Ìbéèrè tòní nìyẹn: kí làwọn èèyàn ti ṣe kí ilẹ̀ má baà tètè jẹ irin?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé. Lọ́dún 1904, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ̀wé nípa Ola Igbi, abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé irin yíyọ́ niṣẹ́ wọn. Ìléru amọ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n á kó òkúta irin àti èédú sínú ẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ irin kan, F. W. Harbord, yẹ irin wọn wò, ó ní irin líle ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní steel.

Èédú ló fa líle yẹn. Carbon inú èédú máa ń wọ inú irin, irin á sì le. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, irin á máa ṣẹ́ bí àwo. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ojú irin ló yẹ kó le jù, kí inú rọ̀ díẹ̀ kó lè gba ìyà.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò fún katapílà. Lọ́dún 1882, Robert Hadfield ní Sheffield po manganese mọ́ irin. Bí wọ́n ṣe ń lù ú tó, bẹ́ẹ̀ lojú ẹ̀ ń le sí i. Lọ́dún 1907, Elwood Haynes ní Amẹ́ríkà gba àṣẹ oníhun-tuntun lórí àdàlù cobalt àti chromium tó pè ní Stellite. Lónìí, wẹ́dà lè fi iná yọ́ irin tó ní chromium àti carbon sójú eyín katapílà. Àwọn méjèèjì á para pọ̀ di hóró kéékèèké tó le ju yanrìn lọ. Yanrìn ló ń jẹ irin. Ohun tó bá le jù ú lọ, kì í tètè rí i jẹ.

Irin òkè òkun tó wọ́n kéré ló pa àwọn ìléru wa. Àwọn alágbẹ̀dẹ ò torí ẹ̀ jókòó: wọ́n ń fi súpírìn ọkọ̀ ẹrù rọ àdá.

Bàbá àgbà ti lọ, mi ò sì bi wọ́n rí ẹni tó rọ ọkọ́ yìí. Ó ń dùn mí. Tẹ́ ẹ bá ní alágbẹ̀dẹ àgbà ládùúgbò, fóònù wà lọ́wọ́ yín: ẹ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó dìgbà.