Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Obìnrin Iceland

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù Ọ̀wàrà 1975, àdéhùn àwọn obìnrin ti dúró: kò sí iṣẹ́ oṣù, kò sí ìdáná, kò sí ọmọ wíwẹ̀. Nígbà yẹn, owó obìnrin ní Iceland kò tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkùnrin. Nínú aṣòfin 60, obìnrin 3 péré ni. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà ti fẹ́ kí wọ́n pe ọjọ́ yìí ní ìyanṣẹ́lódì, ṣùgbọ́n orúkọ náà ń ba àwọn mìíràn lẹ́rù, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Ọgbọ́n gidi nìyẹn: ọ̀gá wo ló máa lé òṣìṣẹ́ torí pé ó sinmi lọ́jọ́ kan?

Nígbà tí iṣẹ́ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, nínú obìnrin 100, nǹkan bí 90 ni kò yọjú. Ilé iṣẹ́ ẹja tì pa, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò ṣí. Ní báńkì, àwọn máníjà fúnra wọn ló jókòó tí wọ́n ń ka owó fún oníbàárà. Bàbá tí kò rí ẹni fi ọmọ tì gbé e lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú súìtì àti bébà tí yóò máa fi ya àwòrán. Lórí rédíò, bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn lọ́wọ́ ni ariwo ọmọdé ń dún lẹ́yìn.

Aago méjì ọ̀sán, ojúde Lækjartorg ní Reykjavík kún dẹ́nu. Nǹkan bí 25,000 obìnrin, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 220,000! Aðalheiður Bjarnfreðsdóttir sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ Sókn, àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kéré jù. Vigdís Finnbogadóttir, ọ̀gá tíátà nígbà náà, wà láàárín èrò, òun àti ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta.

Ìrọ̀lẹ́ ló dùn mọ́ mi jù. Ebi dé, ọmọ ń ké, baálé ilé dúró ti ìkòkò. Kí ló mọ̀ ọ́n sè? Sọ́séèjì. Gbogbo wọn ló rò ó bẹ́ẹ̀, sọ́séèjì bá tán ní ṣọ́ọ̀bù.

Aago méjìlá òru, àwọn obìnrin tó ń to lẹ́tà ìwé ìròyìn Morgunblaðið padà sídìí ẹ̀rọ. Ìwé náà jáde, ó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìròyìn wọn ló sì kún inú rẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ ọgbọọgba jáde lọ́dún 1976. Lọ́dún 1980, Vigdís di obìnrin àkọ́kọ́ lágbàáyé tí aráàlú dìbò yàn sípò ààrẹ. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò tíì tán o: ní 24 oṣù Ọ̀wàrà 2023, àwọn obìnrin tún dáṣẹ́ sílẹ̀, Katrín Jakobsdóttir, olórí ìjọba nígbà náà, sì ní òun náà ò ní í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.