Ọ̀dàn, Igbó àti Ẹṣin Ọ̀yọ́

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé, orúkọ Aláàfin àti ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ ni ó máa ń kún ẹnu wa. A kì í sábà bèèrè irú ilẹ̀ tí ẹṣin wọn ń tẹ̀. Lójú tèmi, ilẹ̀ yìí àti òjò tí ń rọ̀ sórí rẹ̀ wà lára ohun tí ó pààlà fún agbára Ọ̀yọ́.

Ọ̀dàn ni apá àríwá ilẹ̀ Yorùbá tí Ọ̀yọ́ Ilé wà. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ gùn, koríko rẹ̀ ga, igi emi àti igi irú sì fọ́n ká inú rẹ̀. Ní gúúsù, ní Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, igbó kìjikìji ni, níbi tí obì àti ọ̀pẹ ti ń ṣe dáadáa. Eṣinṣin tsetse, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń kó àrùn ran ẹran ọ̀sìn, pọ̀ nínú igbó yìí. Ẹṣin kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Bí kò tilẹ̀ kú, kò sí àyè tí yóò gbà sáré láàrin igi. Ọ̀dàn pàápàá kò rọ ẹṣin lọ́rùn tán: lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra púpọ̀ nínú tirẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tí Ọ̀yọ́ gbà dé òkun. Kò gba Ìjẹ̀bú. Ó yà sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lọ sí Àjàṣẹ́, nítorí pé lápá ibẹ̀, ní ilẹ̀ Benin àti Togo òde òní, igbó já, ọ̀dàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí òkun. Òjò tí ń rọ̀ ní Lomé lọ́dún kò tó 1,000 mìlímítà. Ti Èkó ju 1,400 lọ. Lápá ọ̀hún ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ṣígun bá Dahomey ní 1726, Dahomey sì padà wá ń sìn wọ́n títí di nǹkan bí 1823. Ẹnìkan lè ní Ẹ̀gbá inú igbó náà sin Ọ̀yọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Lísàbí já wọn gbà kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí.

Ní àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń lé, àwọn ará ọ̀dàn ń sá lọ sí gúúsù. Ní Òṣogbo, létí igbó, ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní nǹkan bí 1840. Ìbọn àti ọgbọ́n ogun ní ipa tiwọn. N kò fi gbogbo ìyìn fún igi.

Ṣùgbọ́n igbó tí ó gba àwọn asásálà là ti ní onílẹ̀. Àwọn tí ó sá dé Ifẹ̀ ni a tẹ̀dó sí Modákẹ́kẹ́ ní nǹkan bí 1845. Nígbà tí kòkó dé, ilẹ̀ di owó, nítorí irú igbó àti òjò ibẹ̀ ni kòkó ń fẹ́. Ọmọ àlejò dáko, onílẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Láàrin 1997 sí 2000, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro. Ibi tí a gbé ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ sí ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ orí oko kòkó ti wà nídìí rẹ̀ tipẹ́.